Àwo Àbátàn àti Ẹni tó Ń Wá Ẹbu Ìkòkò

Tí èèyàn bá kúrò ní Sàngó, tó gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, yóò kọjá Ọ̀tà, yóò kọjá Àtàn, kó tó dé Owódé. Láti ibẹ̀, Òkè-Ọ̀dàn kò jìnnà mọ́. Ìlú yìí ni Àbátàn ti mọ ìkòkò títí ó fi dàgbà, obìnrin tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lára ohun tó dára jù lọ tí wọ́n fi amọ̀ ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún 20. Ojoojúmọ́ ni mọ́tò tó ń lọ sí ààlà Benin ń gba ẹkùn yẹn kọjá. Síbẹ̀, àwọn àlejò tó wá sí etí òkun, láti Èkó dé Àgbádárìgì dé Kútọnu, tí wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ díẹ̀ kọ́ ìkòkò mímọ, kì í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á béèrè iye owó. Wọ́n á béèrè bóyá ibi ìkọ́ṣẹ́ tutù, bóyá wọ́n lè ya fọ́tò. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìyẹn ni pé: irú ìkòkò wo ni wọ́n ń mọ níbẹ̀, ta ló sì ń lò ó? Mo fẹ́ yẹ iṣẹ́ Àbátàn wò fínnífínní, nítorí mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn lágbègbè wa tó lè kọ́ wa ní ìbéèrè yẹn tó o.

Ohun tí a fi mọ Àbátàn jù ni àwo ọta Ẹyinlẹ̀. Ẹyinlẹ̀ ni àwọn ará Yewa ń pe òrìṣà tí àwọn ará Ìlobùú ń pè ní Ẹ̀rìnlẹ̀, ọdẹ tó di odò, tí odò rẹ̀ sì ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Àwọn olùsìn rẹ̀ máa ń ṣa òkúta dídán láti inú odò, wọ́n á kó o sínú ìkòkò, wọ́n á sì bu omi sí i. Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ ẹwà rárá, iṣẹ́ wà tí àwo yìí gbọ́dọ̀ ṣe. Ó gbọ́dọ̀ gba omi. Ó gbọ́dọ̀ ru òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsán. Ọmọrí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí, kó ṣeé dé pa dà, kó má fọ́ mọ́ ẹni tó ń ṣí i lọ́wọ́.

Àbátàn jẹ́ kí ìsàlẹ̀ àwo náà wà bí ìkòkò ṣe ń wà: roboto, ikùn rẹ̀ kún, kò sí àṣejù. Orí ọmọrí ni ọwọ́ rẹ̀ ti tú. Nínú àwọn àwo irú èyí, ọ̀pá amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ máa ń gòkè láti ara ọmọrí lọ pàdé lókè, ó ń rí bí adé. Àbátàn a máa mọ obìnrin sí i, ẹni tó dirun gíga, tó fi ọwọ́ méjèèjì di àwo kékeré mú síwájú, bí ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tó wú mi jù níbẹ̀ ni pé obìnrin náà kò dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọmọrí. Ara ọmọrí ló ti hù. Ọwọ́ tí kò tíì gbó yóò mọ ère, yóò gbé e ka orí ìkòkò. Ọwọ́ tó gbó ló lè mú kí ìkòkò fúnra rẹ̀ di èèyàn láìjẹ́ pé ó dẹ́kun jíjẹ́ ìkòkò.

Àmọ́ ojú kan wà tí mo fi ń wo àwo yìí tí kò jẹ́ kí n yìn ín láìdánu dúró. Ìkòkò kì í ní iwájú, kì í ní ẹ̀yìn. Bí o bá yí i po, bákan náà ni. Ní kété tí obìnrin yẹn yọ lórí ọmọrí, ìkòkò ti ní ojú, ó ti ní ẹ̀yìn, ó sì ti ń fẹ́ ògiri tí yóò fi ẹ̀yìn tì. Fún ojúbọ, ìyẹn dára, nítorí ẹni tó wá tọrọ nǹkan ń fẹ́ ẹni tí yóò kọjú sí. Ohun tó kù níbẹ̀ ni pé ojú aláwòran kì í kúrò lára obìnrin náà mọ́. Bí wọ́n bá gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, òfìfo, láìsí omi, láìsí òkúta, gbogbo èèyàn á máa yin ère, kò ní sí ẹni tó rántí ikùn ìkòkò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ikùn yẹn ló le jù láti mọ. Kí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, kó dọ́gba, kó má wó nígbà tó ṣì tutù, kó má là nínú iná: àpapọ̀ ọgbọ́n yìí ni obìnrin ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá Àbátàn pẹ̀lú jẹ́ amọ̀kòkò.

Ọpẹ́ ni fún Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2021, pé a mọ orúkọ Àbátàn. Ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí Àbátàn nínú ìwé tí Daniel Biebuyck ṣe olóòtú rẹ̀, tó jáde ní 1969. Nígbà yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí máa ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wa ni orúkọ ẹ̀yà lásán, bí ẹni pé gbogbo Yorùbá ló kó ọwọ́ jọ mọ ìkòkò kan. Thompson to àwọn àwo obìnrin kan ṣoṣo tẹ̀ léra, ó sì fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ ń yí pa dà bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe ń gòkè. Èmi ka èyí sí ohun ńlá. Ó jẹ́ kí a lè ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ Àbátàn bí a ṣe ń ṣe ti òǹkọ̀wé, kí a sọ pé èyí dára ju èyí lọ, kí a sì sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo ọlọ́nà ni Thompson gbé ka iwájú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa orù, àmù, ìṣaasùn àti agbada, àwọn ohun tí obìnrin ń mọ kó lè rí owó ọjà ná, yóò rí oúnjẹ jẹ jù nínú ìwé Sylvia Leith-Ross lórí ìkòkò Nàìjíríà àti ìwé William Fagg àti John Picton lórí ti Áfíríkà, tí méjèèjì jáde ní 1970.

Àwọn ìkòkò tí kò lọ́nà lára yẹn ni mo fẹ́ kí àlejò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ní Ìlọrin, ní àdúgbò bíi Dada àti Òkèlele. Wọ́n á gún amọ̀, wọ́n á pò ó. Wọ́n á da ìkòkò àtijọ́ délẹ̀, wọ́n á fi amọ̀ bo ìdí rẹ̀, ìyẹn ni yóò di ìsàlẹ̀ ìkòkò tuntun. Tó bá ti le díẹ̀, wọ́n á dà á sókè, wọ́n á máa fi amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ yí gùn ún lọ sókè. Ìkòkò kì í yí. Obìnrin náà ló ń yí i po, tó tẹ̀ba, tó ń fi ẹ̀yìn rìn. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń fi igi àti koríko sun ún. Bó bá ṣì gbóná, wọ́n á da omi tí wọ́n sè láti ara èèpo èso irúgbá sí i, kí ara rẹ̀ lè pọ́n, kó sì dí díẹ̀. Àwọn àgbà fi iṣẹ́ yìí sábẹ́ Ìyá Màpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò òde òní ń tọ̀, ó sì yẹ kí a wọ̀n ọ́n láìṣègbè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Michael Cardew, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́, tó ń jẹ́ Suleja lónìí. Ó mú àgbá tí ń yí, tí wọ́n ń mọ ìkòkò lórí rẹ̀, wá, ó mú iléru tó gbóná kọjá 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius wá, ó sì mú aró dídán bíi gíláàsì tí a ń fi bo ara ìkòkò wá. Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi tí gbogbo wa ń rí lẹ́yìn náírà 20, dé ibẹ̀ ní 1954. Kò fi ọ̀nà ìbílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀: ọwọ́ ló fi ń mọ ìkòkò ńlá rẹ̀, tó ń fi ejò àti alángbá ṣọnà sí i lára, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi aró gíláàsì bò ó, wọ́n á sun ún nínú iléru. Iṣẹ́ náà rẹwà débi pé ó gba ayé kan. Àmọ́ nǹkan kan lọ. Ìkòkò tí a sun ní ìta máa ń jẹ́ kí omi rọra la ara rẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ á gbé omi yẹn, ìyẹn ló ń mú kí omi inú àmù tutù minimini nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi gíláàsì bò kì í mú omi tutù bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìkòkò omi di ohun tí à ń gbé sórí tábìlì. Mi ò bá Kwali jà lórí èyí, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí àgbá àti iléru wà, kó mọ̀ pé ohun mìíràn ló ń kọ́, kó má sì pè é ní ìkòkò ilẹ̀ Yorùbá.

Ní Ọ̀tà níbí, ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Àárín ilé iṣẹ́ ńláńlá là ń gbé, níbi tí ọjà ẹgbẹ̀rún kan ti ń jáde láìyàtọ̀ síra wọn. Ike àti alumíníọ̀mù ló kún ọjà Sàngó. Ìkòkò amọ̀ kù sọ́dọ̀ àwọn eléwé ọmọ, fún ẹni tó fẹ́ se àgbo. Iṣẹ́ ọnà tí ayé mọ̀ wá mọ́ ni ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá rẹ̀ ní 2008, igi ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó dé ọ̀dọ̀ wa tó ń wá amọ̀, ó gbọ́dọ̀ rìn díẹ̀.

Bó bá jẹ́ àgbá tí ń yí ló wù ú, kó dúró sí Èkó. Yaba College of Technology ń kọ́ni ní iṣẹ́ amọ̀, àwọn oníṣẹ́ amọ̀ tó dá dúró sì wà káàkiri ìlú. Bí ó bá lè wọ inú ilẹ̀, kó lọ sí Ìlọrin tàbí Ìpetumodù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ jìnnà sí etí òkun, Sè ni èmi yóò ní kó lọ. Ìlú kékeré ni, ní ẹkùn Mono ní orílẹ̀-èdè Benin, lójú ọ̀nà tó ti Comè lọ sí Lokossa. Láti Sàngó, Ìdí-Ìrókò náà la ó gbà, lọ sí Àjàṣẹ́, lọ sí Kútọnu, kọjá Ouidah. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń mọ ìkòkò fún ẹni tó ń sebẹ̀, fún ẹni tó ń pọn omi, fún àwọn olórìṣà pẹ̀lú, wọ́n sì ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tí mo fi yàn án nìyẹn. Oníbàárà tó mọ ìkòkò ló ń ṣọ́ ọwọ́ amọ̀kòkò. Ibi tó bá jẹ́ àlejò nìkan ló ń rà, ìkòkò á máa kéré sí i, ọ̀nà ara rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, kò sì ní pẹ́ tí kò ní lè gba omi mọ́.

Àkókò ṣe pàtàkì. Ìkòkò tútù kì í wọ iná. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi inú rẹ̀ á di ooru, á sì fọ́ ọ. Ẹbu tó bá sọ pé àlejò yóò mọ ìkòkò láàárọ̀, yóò sì gbé e lọ sílé lálẹ́, kò sọ òótọ́. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, òjò etí òkun kì í jẹ́ kí sísun rọrùn. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni kí a lọ. Kí a béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa sun ìkòkò kí a tó béèrè ohunkóhun, kí a sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kódà bí ìkòkò tiwa kò bá sí nínú iná.

Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ ní kí wọ́n kọ́ òun ní àwo Ẹyinlẹ̀. Àbátàn kò mọ ọ́n fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń sin òrìṣà ló ń mọ ọ́n fún. Orù ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, tàbí ìṣaasùn kékeré. Bí ọkùnrin ni àlejò, kó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá àgbà ibẹ̀, nítorí iṣẹ́ obìnrin ni, ilé wọn sì ni. Tí ó bá kan owó, kí a má fi iye ìkòkò kan díwọ̀n rẹ̀. Obìnrin tó fi odidi ọjọ́ kan kọ́ wa ti pàdánù gbogbo ìkòkò tí ìbá mọ lọ́jọ́ yẹn. Owó ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí a san. Kí a béèrè orúkọ rẹ̀, bó bá sì gbà, kí a kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ ìlú àti ọdún sórí bébà tí yóò máa wà pẹ̀lú ìkòkò náà níbikíbi tí a bá gbé e lọ.