Agogo Èèwọ̀ àti Owó Àwọn Aṣòfin

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti wo eré Agogo Èèwọ̀, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì gbé jáde ní ọdún 2002. Ní ìgbà kìíní, mo rẹ́rìn-ín. Ní ìgbà kejì, mo kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìdánwò. Ìgbà kẹta ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìlú Oǹdó ni mo ti wò ó, nínú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bàbá náà sì bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí ìdáhùn fún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Tíṣà ni bàbá yìí. Ọdún márùndínlógójì ni ó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tán. Nígbàkúùgbà tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ láti wádìí ọ̀rọ̀ owó náà, kì í ṣe ìròyìn owó ni ó máa ń mú bọ̀ wálé fún wa, ìròyìn ọkọ̀ ni: ọkọ̀ àwọn aṣòfin tí ó rí ní Alágbàká, bí wọ́n ti ga tó, bí gíláàsì wọn ti dúdú tó tí ẹni tí ó wà níta kò fi lè rí ẹni tí ó wà nínú. Nítorí náà, nígbà tí mo gbé eré náà dé, mo rò pé inú bàbá yóò dùn. Mo rò pé yóò rí ibi tí a ti dá àwọn ọ̀tá rẹ̀ lẹ́jọ́.

Kí n rán ẹni tí ó ti gbàgbé létí. Ìlú Jogbo ni eré náà ti ṣẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ṣaworoidẹ tí ó jáde ní 1999. Nínú ti àkọ́kọ́, ọba kan gorí oyè láìjẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún òun, nítorí kò fẹ́ kí májẹ̀mú ìlú dè é lọ́wọ́. Òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ wá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onígẹdú, igbó ìlú sì ń tán lọ. Ọmọ Oǹdó tí ó bá wo ìyẹn kò ní pè é ní àlọ́. Lọ́rì onígẹdú ti ń gba iwájú ilé wa kọjá kí a tó bí mi. Nínú èkejì, ọba náà ti lọ, ọ̀gá ológun tí ó fi ìbọn gba adé lẹ́yìn rẹ̀ náà ti lọ. Àwọn ìjòyè wá ń wá ọba tí yóò jẹ́ kí wọ́n máa jẹ lọ bí wọ́n ti ń jẹ, wọ́n sì mú Adébọ́sípò, ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣì í mú. Ọba náà fẹ́ tún ìlú ṣe, àwọn ọ̀dọ́ ń bínú, àwọn ìjòyè sì ń sá fún ìṣirò owó, títí a fi gbé agogo èèwọ̀ jáde tí a sì ní kí olúkúlùkù wá búra.

Ohun tí ó dára jù nínú eré yìí, lójú tèmi, ni bí àwọn ìjòyè náà ti ń sọ̀rọ̀. N kò mọ òǹkọ̀wé Yorùbá mìíràn tí ó gbọ́ ohùn olówó tí ń bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó Ìṣọ̀lá. Wọn kì í pe olè ní olè láàárín ara wọn. Bí ẹni ń pín obì níbi ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ owó ìlú, ẹni tí kò bá sì gba tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní aláìgbọ́n. Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó ṣe Bàbá Ọ̀pálábá, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí i tán. Títí dé ibẹ̀, bàbá mi ń gbádùn rẹ̀, ó ń na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n nígbà tí agogo dé, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi, ó ní, “Bí a bá lu agogo yìí ní Alágbàká, ta ni yóò kú?”

Mo ní, “Bàbá, àwọn tí ó ń jí owó wa ni.”

Ó ní, “Ta ni ó jí owó? Ìwọ tí o kàwé, ta ni ó jí i? Òfin ni ó ní kí wọ́n máa gbà á.”

Níbẹ̀ ni eré náà ti já lójú mi. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ìṣọ̀lá fún àwọn ìjòyè Jogbo ni ẹ̀ṣẹ̀ olè: ohun tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀, tí ẹni tí ó ṣe é mọ̀ pé òun ṣe é, tí ìbúra sì lè tú síta. Ohun tí ń bí àwọn ará Oǹdó àti Àkúrẹ́ nínú kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 111 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ni ó sọ pé kí aṣòfin ìpínlẹ̀ máa gba owó oṣù àti àjẹmọ́nú tí àjọ ìjọba àpapọ̀ bá dá fún un. Nínú ìwé tí àjọ náà ti gbé jáde láti 2008, owó ọdún kan fún aṣòfin ìpínlẹ̀, láìka àjẹmọ́nú, jẹ́ ₦1,337,225. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àjẹmọ́nú wá tẹ̀ lé e bí ẹrù ìyàwó: owó àlejò, owó ìwé ìròyìn, owó àwọn tí ń ṣiṣẹ́ inú ilé, owó àga àti ibùsùn, tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan, àti nígbà tí sáà bá parí, ìlọ́po mẹ́ta mìíràn fún ìdágbére, èyí tí í ṣe ₦4,011,675. Kí aṣòfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n gbé Bíbélì àti Kùránì lọ́wọ́, kí wọ́n fi Ògún Oǹdó lé e, kí wọ́n búra pé àwọn kò jalè: bí ìwọ̀nyí nìkan ni wọ́n gbà, wọn yóò búra, wọn yóò sì lọ jẹun.

Ẹ tún wo nǹkan mìíràn. Ẹ pín ₦1,337,225 yẹn sí oṣù méjìlá: ó jẹ́ nǹkan bí ₦111,435. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ti di ₦73,000 láti 2024. Bí a bá gba ìwé gbọ́, aṣòfin kò fi bẹ́ẹ̀ ju atọ́nisọ́nà ẹnu géètì rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ka ìṣirò yìí fún bàbá mi, ẹ̀rín rẹ̀ jí ìyá tí ó ti sùn. Ta ni yóò gbà á gbọ́, tí ó ti rí ọkọ̀ náà? Ní oṣù Kẹta ọdún 2018 ni Shehu Sani, tí ó jẹ́ aṣòfin àgbà ní Àbújá nígbà náà, la ẹnu rẹ̀ sọ pé mílíọ̀nù mẹ́tàlá ààbọ̀ náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan àwọn ń gbà lóṣooṣù láti fi mú iṣẹ́ rìn, lọ́tọ̀ sí owó oṣù. Ní 2024, aṣòfin àgbà mìíràn, Kawu Sumaila, ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún ni tòun, ọjọ́ díẹ̀ sí ìgbà tí àjọ tí ń dá owó wọn sọ pé owó tí ó tọ́ sí wọn kò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Àbújá ni ìyẹn, kì í ṣe Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ẹni tí ń ta ata ní ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ti mọ̀ pé owó méjì ni ó wà, ọ̀kan nínú ìwé, ọ̀kan lẹ́yìn ìwé.

Nítorí náà kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa, ìdákẹ́jẹ́ ni. Agogo èèwọ̀ kò sì lè pa ẹni tí ó dákẹ́.

Mo tún ní ẹ̀sùn kejì sí eré náà, èyí sì kàn mí fúnra mi. Àwọn ará ìlú Jogbo mọ́ jù. Ní ìlú Oǹdó, bí ẹnìkan bá di aṣòfin ní ọjọ́ Ajé, kí ó tó di Sátidé, iwájú ilé rẹ̀ ti kún fún káàdì ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí, owó ilé ìwé àti òkú tí a kò tíì sin. Èmi náà ti jókòó sí irú iwájú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Mo gba owó ọkọ̀, mo dúpẹ́, n kò bèèrè ibi tí ó ti wá. Ó dára kí òǹkọ̀wé bínú sí ìjòyè, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó fi àwọn tí ń na ọwọ́ sí ìjòyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ní 2016, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ yìí ń ka oṣù tí wọn kò rí owó gbà, ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin kan náà tí a ń bú ni a tún ń lọ ní alaalẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé mò ń béèrè ju ohun tí eré lè ṣe lọ. Rárá o. Ní 1964, nígbà tí Ògúnńdé ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní agbègbè wọn, àṣẹ náà kò sì kúrò títí di 1966. Àwọn aláṣẹ mọ ẹni tí eré náà ń bá wí. Ta ni ó bẹ̀rù Agogo Èèwọ̀? Àwọn aṣòfin pàápàá lè wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n sì bá wa bú ìjòyè Jogbo, nítorí olúkúlùkù mọ̀ pé òun kò bá onígẹdú pín owó lóru.

Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé Ṣaworoidẹ ga ju àbúrò rẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì ni àwọn olùkọ́ wa ń yìn jù. Nínú Ṣaworoidẹ, ọ̀rọ̀ náà kò dúró lórí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ó dúró lórí ẹni tí ìlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti bóyá yóò lù ú ní gbangba. Agogo ń wá ẹni tí yóò pa. Onílù ni ìlù ń wá.

A sì ti rí onílù kan ní Àkúrẹ́. Akọ̀ròyìn kan bèèrè àbọ̀ àyẹ̀wò ìwé owó ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2012 dé 2014. Wọn kò fún un. Ó pe olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti olùyẹ̀wé owó àgbà lẹ́jọ́. Kò jàre ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́; ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí ó wà ní Àkúrẹ́ dá a láre, ó ní òfin 2011 tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ bákan náà lórí ẹjọ́ tí ó wá láti Ẹ̀dó. Kò sí agogo, kò sí ẹbọ, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Lẹ́tà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí fún bàbá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gbọ́ ọ tán, kò wí nǹkan kan, ó ní kí n mú bébà wá. Mo kọ lẹ́tà sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin: kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ fún wa iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbà ní ọdún tí ó kọjá, owó oṣù lọ́tọ̀, àjẹmọ́nú lọ́tọ̀, owó tí a fi ń mú iṣẹ́ rìn lọ́tọ̀. Bàbá fi yíǹkì pupa fa ìlà sí ibi méjì tí mo ti ṣe àṣìṣe, ó ní kí n tún un kọ. Lẹ́yìn náà ni ó fọwọ́ sí i. A jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Ajé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀ pé ó ti dé. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn. Ọjọ́ kẹrin ni òní.