Àgbéyẹ̀wò Àpótí Háàdì Díìsìkì Oní-Fáànù: Ìwúlò àti Ààlà Rẹ̀ Nínú Ìpamọ́ Ohùn Èdè

Àṣamọ̀

Ohùn tí onímọ̀ èdè gbà sílẹ̀ lóko ìwádìí kì í ṣe ohun tí ó lè padà lọ gbà nígbà gbogbo: abẹ́nà ìmọ̀ lè ti dolóògbé, ó sì lè má sí ẹlòmíràn tí ó ń sọ èdè rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ yìí yẹ àpótí háàdì díìsìkì oní-fáànù wò gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ìpamọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, ó sì fi Antec MX-1 ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi hàn pé fáànù ń yanjú ìṣòro ooru dé àyè kan, ṣùgbọ́n ooru kọ́ ni ewu tí ó tóbi jù lọ fún olùwádìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

1.0 Ìfáàrà

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ oní-díjítà ti gba ipò kásẹ́ẹ̀tì, ìṣòro ìpamọ́ ti yí padà. Díẹ̀díẹ̀ ni téèpù máa ń bàjẹ́, etí a sì máa gbọ́ ìbàjẹ́ náà. Háàdì díìsìkì ní tirẹ̀ lè kú lójijì, kí iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sì bá a lọ. Ìlànà IASA-TC 04, tí àjọ àgbáyé fún ilé ìpamọ́ ohùn àti àwòrán gbé jáde, ka 48 kHz ní bíìtì 24 sí òdiwọ̀n tí ó kéré jù. Ọ̀pọ̀ ilé ìpamọ́ a sì máa lo 96 kHz. Bí wọ́n bá gba ohùn oní-ìkànnì méjì fún wákàtí 1 ní 96 kHz, yóò gba àyè tí ó tó GB 2. Díìsìkì GB 500 kò lè gbà ju nǹkan bí wákàtí 240 lọ. Ìdí nìyí tí díìsìkì ńlá tí ó wà lẹ́yìn òde kọ̀ǹpútà fi di dandan fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè, tí àpótí tí díìsìkì náà ń gbé sì fi yẹ ní yíyẹ̀wò.

2.0 Àpèjúwe Àpótí Náà

Nǹkan bí ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ Antec ti Amẹ́ríkà gbé MX-1 jáde. Díìsìkì SATA oníǹsì 3.5 kan ṣoṣo ni ó ń gbà. Ojú ìsopọ̀ méjì ni ó ní, USB 2.0 àti eSATA. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni fáànù inú rẹ̀, tí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lára díìsìkì. Òótọ́ ni pé ojú ìsopọ̀ wọ̀nyí ti di ti àtijọ́ lẹ́yìn tí ìlànà USB 3.0 jáde ní ọdún 2008. Síbẹ̀, èrò tí ó bí MX-1 kò tíì kú, nítorí àpótí oní-fáànù ṣì wà lọ́jà.

3.0 Fáànù àti Ooru

Díìsìkì tí ó ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan máa ń lo nǹkan bí wọ́ọ̀tì 8 sí 10 nígbà iṣẹ́, ooru sì ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Nínú àpótí oníke tí kò ní ihò, ooru yìí kò rí ọ̀nà jáde. Ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe àdàkọ ni ó máa ń le jù. USB 2.0 kì í sábà kọjá MB 30 tàbí díẹ̀ lé e ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà àdàkọ GB 500 yóò gbà ju wákàtí 4 lọ. Bí eSATA bá jẹ́ kí díìsìkì dé MB 75, iṣẹ́ kan náà kò ní tó wákàtí 2. Ojú ìsopọ̀ tí kò yára, nígbà náà, ń fi kún àkókò tí díìsìkì yóò fi máa gbóná. Níbí ni fáànù ti ní ìyìn tirẹ̀.

Àmọ́ èrò tí ó gbajúmọ̀, pé bí díìsìkì bá ṣe tutù tó ni ẹ̀mí rẹ̀ yóò ṣe gùn tó, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Pinheiro, Weber àti Barroso ti Google yẹ díìsìkì tí ó lé ní 100,000 wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2007. Wọn kò rí i pé ooru ìwọ̀nba ń pa díìsìkì. Àwọn tí ó tutù jù gan-an ni ó kú jù. Lára díìsìkì tí ó ti dàgbà, tí ó sì gbóná gan-an, ni ipa ooru ti hàn. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé iṣẹ́ fáànù kò ju kí ó má jẹ́ kí ooru kọjá ààlà. Kò sì sí fáànù tí ó lè mú díìsìkì tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ: bí yàrá bá wà ní 38°C, afẹ́fẹ́ 38°C ni yóò máa fẹ́.

4.0 Ohun Tí Fáànù Kò Lè Ṣe

Ti àkọ́kọ́ ni eruku. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fà wọlé ní àkókò ọyẹ́ kì í dá wá. Eruku kò lè tètè dé ojú àwo inú díìsìkì, nítorí asẹ́ wà ní ihò tí díìsìkì fi ń mí. Ṣùgbọ́n yóò dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, yóò sì jẹ fáànù lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tí fáànù bá dákẹ́, àpótí tí wọ́n ṣe nítorí fáànù lè burú ju èyí tí kò ní fáànù rárá, tí ó fi alumíníọ́mù tí ó fara kan díìsìkì lé ooru jáde.

Ti èkejì ni ariwo. Bí wọ́n bá ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá kan náà, híhó fáànù yóò wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ lásán lè fara dà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ wọn kọ́ńsónáǹtì àfúnnupè bíi [f] àti [s] yóò máa wọn ariwo fáànù mọ́ ohùn abẹ́nà ìmọ̀.

Ti ẹ̀kẹta, tí ó wúwo jù, ni iná mànàmáná. Díìsìkì oníǹsì 3.5 kò lè jẹun lára USB 2.0, iná ògiri ni ó ń lò. Bí iná bá lọ nígbà tí àdàkọ ń lọ lọ́wọ́, lápútọ́ọ̀pù yóò máa ṣiṣẹ́ lórí bátìrì rẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí náà yóò kú pẹ̀lú fáìlì tí kò tíì parí. Èyí lè ba ètò fáìlì gbogbo jẹ́. Díìsìkì oníǹsì 2.5, tí ó ń gba iná láti ara lápútọ́ọ̀pù, bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí, kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi nílò fáànù.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpótí oní-fáànù bíi MX-1 dára fún ọ́fíìsì tí ó ní ínfátà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, tí wọ́n sì ń nu eruku rẹ̀. Kò yẹ fún oko ìwádìí. Bí owó bá mọ níwọ̀n, ó sàn kí wọ́n ra díìsìkì kékeré méjì ju kí wọ́n ra àpótí kan tí ó tutù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: àdàkọ tí ó wà ní ilé mìíràn, ní ìlú mìíràn, ni yóò dáàbò bo ohùn àwọn àgbà lọ́wọ́ iná, olè àti díìsìkì tí ó kú. Ohùn tí ó wà nínú àpótí kan ṣoṣo, bí fáànù rẹ̀ ti wù kí ó dára tó, kò tíì di ohun ìpamọ́.