Ọwọ́ Tó Ń Ti Ilẹ̀kùn ní Post Office

Wáyà aláwọ̀ mẹ́jọ ni mo kọ́kọ́ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù Alhájà kan tó ń ta aṣọ ní Post Office, nílùú Ìlọrin. Ó bó èèpo wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń bó ìrèké, tínínrín mẹ́jọ sì yọ níbẹ̀, méjì méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra. Ó tú wọn, ó fi àtàǹpàkò fà wọ́n títí wọ́n fi nà gbọọrọ, ó wá tò wọ́n: funfun onílà ọsàn, ọsàn, funfun onílà ewé, búlúù, funfun onílà búlúù, ewé, funfun onílà búráùn, búráùn. Kò wo ìwé. Báyìí náà ni àwọn ahunṣọ òfì ìlú yìí ṣe ń to òwú. Ẹni tó bá ṣi ẹyọ kan tò, iṣẹ́ ara aṣọ náà á dàrú. Ó gé orí wọn ṣánṣán, ó tì wọ́n bọ inú orí róbà, ó fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́. Iná kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lára ẹ̀rọ ìdánwò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé ìkarùn-ún. Ìkẹfà ò tàn. Kò bá a jà, kò mì í. Ó gé orí náà dànù, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kámẹ́rà mẹ́rin ló wá so. Nígbà tí àwòrán jáde, inú Alhájà dùn, ó ti ń ka owó.

"Alhájà, ẹ má tíì sanwó. Mo ti là á lójú ni, mi ò tíì ti ilẹ̀kùn ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi dúró. Kọ̀ǹpútà kékeré ni kámẹ́rà tó ń gbé àwòrán sórí fóònù. Ọ̀nà tí onílé ń gbà wo inú rẹ̀ láti òkèèrè, àjèjì náà lè gba ibẹ̀. Orúkọ kan náà àti páswọ́ọ̀dù kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń fi sára ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kí wọ́n tó kó wọn sínú páálí. Lọ́dún 2016, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Amẹ́ríkà kọ ètò kan tó ń jẹ́ Mirai, tó ń kan ilẹ̀kùn kiri íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Orúkọ àti páswọ́ọ̀dù bíi 60 ló ń dán wò: admin pẹ̀lú admin, root pẹ̀lú 123456. Èyí tó bá ṣí di ọmọ ogun rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, irú ogun bẹ́ẹ̀ kọlu Dyn, ilé-iṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà ojúlé fún àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, Twitter àti Netflix sì di àwátì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn fún wákàtí mélòó kan.

Ogun náà dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel Kaye, fi irú rẹ̀ kọlu ilé-iṣẹ́ fóònù Lonestar MTN ní Làìbéríà. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn du oníbàárà ló sanwó fún un. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ ní London rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ. Ọdẹ tó ń jẹun onílé lọ́sàn-án, tó ń bá olè rìn lóru, ni kámẹ́rà tí a ò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Pípa iná kì í sì í ṣe oògùn rẹ̀: bí iná bá lọ, Mirai á kú, bí iná bá dé, tí páswọ́ọ̀dù ò yí padà, kì í pẹ́ kó tó tún wọlé.

Ọmọkùnrin náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí itan. Ó kọ́kọ́ wá ètò tuntun tí ilé-iṣẹ́ gbé jáde fún kámẹ́rà náà, ó fi rọ́pò ti àtijọ́. Ó pa àyè tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà dá ilẹ̀kùn ṣí lára ráúta. Ó ya ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì àwọn kámẹ́rà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí POS àti fóònù Alhájà ń lò, kí ẹni tó bá tiẹ̀ wọ ibi kan má bàa dé ìkejì. Ó wo aago kámẹ́rà: 1970 ló ń kà. Ó tún un ṣe, nítorí àwòrán olè tí ọjọ́ rẹ̀ kò tọ̀nà, kí ni ẹni tó ní i fẹ́ fi jẹ́rìí?

Ibi tó ti pẹ́ jù ni ìkìlọ̀ tí kámẹ́rà máa ń dá fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ó fi ìka fa ilà yí ẹnu ọ̀nà àti kàǹtà ká lórí àwòrán, ó yọ títì tí ọ̀kadà ń gbà kúrò, ó yọ léèsì tí atẹ́gùn ń fẹ́ kúrò. Ó rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ kó rìn kọjá lọ́nà, fóònù ò dún. Ó ní kó rọra yọ́ wọlé, ó dún. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé, kò dún. Ó tún ilà fà wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kà. Ìpè tí ń dún lásán ní gbogbo ìgbà, etí onílé á di sí i, ọjọ́ tí olè bá dé gan-an kò ní bojú wò ó.

Ó wá na kọ̀ǹpútà sí Alhájà.

"Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ẹ tẹ páswọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kó gùn. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí ọmọ ṣe é, ẹ má fi nọ́ńbà fóònù ṣe é."

"Ìwọ náà bá mi tẹ̀ ẹ́. Ṣebí ọmọ mi ni ẹ́."

"Ọmọ yín ni mí lóòótọ́, Alhájà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa fura sí mi."

Ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó dojú kọ títì títí Alhájà fi ní òun ti ṣe tán. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bìrìtéènì ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ti ka páswọ́ọ̀dù àjùmọ̀ní bí admin léèwọ̀ lára irú ẹ̀rọ báwọ̀nyí. Ọmọkùnrin yìí kò dúró de òfin. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn tó kọ yẹn ni mo kà sí iṣẹ́ ọ̀gá jù lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kámẹ́rà nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé ẹni tó so ó ló yan páswọ́ọ̀dù fún yín, tàbí tí ẹ kò tiẹ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà lónìí.