Ọwọ́ Tó Ń Lu Agogo Westerkerk

Ní etí odò àfọwọ́gbẹ́ Prinsengracht ní Amsterdam, ilé gogoro ìjọ Westerkerk ga tó nǹkan bíi mítà 85, adé aláwọ̀ búlúù sì wà lórí rẹ̀. Ojú ń rí i lókèèrè, ṣùgbọ́n etí ló ń jẹ ìgbádùn rẹ̀ jù. Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó sá pamọ́ fún àwọn Násì sí ilé kan nítòsí, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìró agogo ilé gogoro náà ń tu òun nínú.

Àwọn agogo olórin inú ilé gogoro yìí kì í mì. Ẹni tó ń lù wọ́n jókòó sídìí àwọn ọ̀pá igi tí wọ́n tò bíi ti dùùrù. Ó di ẹ̀ṣẹ́ láìfún un, ó ń gbá ọ̀pá wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ ti àwọn agogo ńlá. Wáyà ló so ọ̀pá mọ́ ahọ́n irin inú agogo. Ó gbá a jẹ́jẹ́, ohùn á rọ̀. Ó gbá a kíkan, àdúgbò á gbọ́. Iṣẹ́ agbára ni o!

Ọwọ́ François Hemony, tó rọ agogo síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ló wúni lórí jù. Bí idẹ bá ti tutù, yóò máa fá inú agogo díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi bọ́ sípò. Bó bá fi lè fá a jù, àfi kó yọ́ ọn, kó tún un rọ.