Alákàn Odò àti Ọjọ́ 35 Oṣù Karùn-ún

Kò sí ọdún kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kì í bi mí pé kí ni àmì ohùn wà fún, nígbà tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò ṣáà mọ̀ bóyá igba, igbá tàbí ìgbà ni à ń wí. Èsì mi tẹ́lẹ̀ kì í kọjá ohun tó wà nínú ìwé gírámà. Láìpẹ́ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí fi àpẹẹrẹ kan láti ilẹ̀ Ṣáínà kún un. Héxié ni wọ́n ń pe ìrẹ́pọ̀; héxiè ni alákàn odò. Èdè olóhùn ni èdè wọn, bíi tiwa, ohùn orí sílébù kejì nìkan ló sì ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: ti ìrẹ́pọ̀ ń gòkè, ti alákàn ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni àwọn ará ìlú fi ń bá ìjọba wọn ṣẹ̀fẹ̀.

Kí ẹ̀fẹ̀ náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ irú odi tí ìjọba Ṣáínà mọ yí ayélujára ká. Apá kan odi náà ń dí ọ̀nà tó wọ̀lú. Láti 2009 ni wọ́n ti ti Facebook, Twitter àti YouTube mọ́ àwọn ènìyàn wọn. Ní 2019 wọ́n ti Wikipedia pa ní gbogbo èdè, títí kan ti Yorùbá, èyí tí n kò rò pé ó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni ní Beijing. Apá kejì, tó kàn wá jù, wà nínú ilé. Òfin sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì, bíi Weibo, pé kí àwọn fúnra wọn máa pa ọ̀rọ̀ tí ìjọba kò fẹ́ rẹ́. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń ṣọ́nà: àkójọ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá sì ti kófìrí ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ náà kò ní í jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ a wá ka èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Láti 2004 ni ìjọba Hu Jintao ti sọ ‘àwùjọ ìrẹ́pọ̀’ di àkọlé ètò ìṣèlú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tí wọ́n pa ọ̀rọ̀ wọn rẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé wọ́n ti ‘mú àwọn rẹ́pọ̀’. (Èdè tiwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ yìí fúnra rẹ̀: rẹ́ inú ìrẹ́pọ̀ kò jìnnà sí rẹ́ inú pa rẹ́.) Nígbà tí ìrẹ́pọ̀ pàápàá di ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣọ́, wọ́n fi alákàn odò rọ́pò rẹ̀. Ojú ni ẹ̀rọ fi ń kàwé, àmì ìkọ̀wé alákàn kò sì jọ ti ìrẹ́pọ̀ rárá, nítorí náà ó jẹ́ kó kọjá. Òǹkàwé ní tirẹ̀ fi etí inú gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá tí a kò fi àmì sí ni, igbá àti ìgbà ì bá jọ kó sọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Báyìí ni alákàn di orúkọ aṣọ́bodè. Àwa tí a máa ń sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí yóò gbà pé orúkọ náà bá iṣẹ́ náà mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ara rẹ̀ ni alákàn tiwa ń ṣọ́. Ní 2009 wọ́n tún dá ẹranko mìíràn sílẹ̀, ẹṣin koríko òun ẹrẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ yóò di èébú ìyá bí a bá yí ohùn rẹ̀ padà. N kò ní í kọ èébú náà síhìn-ín. Wọ́n kọ orin fún un, wọ́n sì pìtàn bí ó ṣe ṣẹ́gun alákàn odò nínú aṣálẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Èyí tí èmi kà sí ògidì iṣẹ́ ọnà wáyé ní oṣù Kẹta 2020. Ai Fen, dókítà tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilé-ìwòsàn kan ní Wuhan, sọ fún ìwé ìròyìn Renwu bí òun ṣe fi yíǹkì pupa yí ọ̀rọ̀ kan ká nínú èsì àyẹ̀wò aláìsàn ní ìparí 2019, tí òun fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí àwọn jọ ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn, àti bí àwọn ọ̀gá òun ṣe bá òun wí kíkan-kíkan. Ìkìlọ̀ yìí kan náà ni Dókítà Li Wenliang pín fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí àrùn kòrónà tó pa òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì 2020. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ni àpilẹ̀kọ náà jáde. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n pa á rẹ́. Àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí tún un kọ. Àwọn kan kọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Àwọn kan fi àwòrán kéékèèké inú fóònù rọ́pò ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àwọn kan lo àmì Morse tí wọ́n fi ń tẹ wáyà láyé àtijọ́, àwọn mìíràn sì kọ ọ́ ní irú ìkọ̀wé tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ sára egungun.

Ta ni yóò ka ìròyìn tí a fi ìkọ̀wé orí egungun kọ? Bóyá ni ẹnikẹ́ni lè kà á tán. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ṣẹ́jú rí i ló mọ̀ pé àpilẹ̀kọ Ai Fen ni. Onílù mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀: ó lè máa lu ohùn kan náà títí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé gbogbo agbo ti mọ ẹni tí ìlù náà ń bá wí.

Àwọn lámèyítọ́ kan máa ń ka ìfọ̀rọ̀dárà báyìí sí ìṣẹ́gun lórí odi. N kò bá wọn dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọjọ́ 35 oṣù Karùn-ún wò. Ní òru ọjọ́ 3 mọ́jú ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1989, àwọn ológun yìnbọn lu àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Beijing, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ìjọba kò fẹ́ kí a dárúkọ ọjọ́ náà. Níwọ̀n bí oṣù Karùn-ún ti ní ọjọ́ 31, àwọn ará ìlú ka mẹ́rin lé e. Nígbà tí odi gbọ́n sí èyí náà, wọ́n ń sọ pé ‘mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ’, èyí tó jẹ́ 64, kí ẹni tó gbọ́n lè mú 6 gẹ́gẹ́ bí oṣù àti 4 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́. Ọgbọ́n náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1989 ló dùn mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Beijing ní 2000 kò bá ìtàn náà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, kò sì rí i nígbà tó wá a lórí ayélujára. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ka ọjọ́ 35 oṣù Karùn-ún, yóò rò pé ẹni tó kọ ọ́ ṣi kà ni. Odi kò tilẹ̀ nílò láti dí ẹ̀fẹ̀ náà mọ́.

Àwa náà kò ṣàìmọ irú àdánù yìí. Àrokò tiwa kún fún ìfọ̀rọ̀dárà: owó ẹyọ mẹ́fà sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹẹ́fà ni, mẹ́jọ sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ, nítorí ẹ̀jọ ni. Ẹ fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn lónìí, yóò bi yín pé níbo ni wọ́n ti ń ná an. Ìjọba kankan kò sì fòfin de àrokò. A kàn ṣíwọ́ kíkọ́ ọmọ ni.

Ìdí nìyí tí ìwé funfun tí wọ́n gbé sókè ní oṣù Kọkànlá 2022 fi yàtọ̀. Iná pa ènìyàn mẹ́wàá nínú ilé kan ní Urumqi ní ọjọ́ 24, lásìkò tí òfin kónílé-ó-gbélé ṣì le níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ní Shanghai, Beijing àti àwọn ìlú mìíràn jáde, wọ́n gbé tákàdá tí a kò kọ nǹkan kan sí dání. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé láti 2020 ni òfin náà ti ń pọ́n gbogbo wọn lójú. Èwo ni ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà yóò rí kà nínú tákàdá yẹn bó bá pé ogún ọdún?

Ní Hong Kong, láti 1990 títí di 2019, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló máa ń tan àbẹ́là ní Victoria Park lọ́dọọdún, tí òbí ń mú ọmọ dání, tí wọ́n sì ń pe ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà. Ní 2020 àwọn ọlọ́pàá kò fún wọn láyè mọ́, wọ́n ní nítorí kòrónà. Àwọn kan wọ inú ọgbà náà síbẹ̀. Ní 2021, ọlọ́pàá ti ti ọgbà náà pa kí ilẹ̀ tó ṣú.