Àwòdì tó ń re Ìbarà: ohun tí a kò rí nínú òwe náà

Ọyẹ́ ti wọlé sí Ìbàràpá. Láàárọ̀, kùrukùru á bo àwọn òkè tó yí Èrúwà ká débi pé ojú kì í tó wọn mọ́. Àmọ́ bí oòrùn bá ti mú, tí àpáta sì ti gbóná, àwòdì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lókè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi á gbé àga mi sí ẹ̀yìnkùlé, n ó máa wò wọ́n. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe?

Ibẹ̀ ni mo wà lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì, fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú funfun kan ni, apá rẹ̀ gùn gbọọrọ, kò sì ní ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ mìíràn ló fi okùn fà á gòkè, tó já a sílẹ̀, tó bá tirẹ̀ lọ. Èmi rò pé ilẹ̀ ló kàn. Ńṣe ló ń ga sí i! Perlan 2 ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, lágbègbè El Calafate ní orílẹ̀-èdè Argentina, Jim Payne àti Tim Gardner jókòó sínú rẹ̀, wọ́n sì gòkè kọjá 22,000 mítà. Bàálù tí à ń wọ̀ láti Ìkẹjà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kì í sábà ju 12,000 mítà lọ.

Ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, ẹ bá mi wá Yorùbá rẹ̀."

Mo dáhùn kíá: "Ọkọ̀ òfurufú aláìlẹ́ńjìnnì."

Ó wò mí títí. "Bàbá àgbà, ohun tí kò ní lẹ sọ fún mi yẹn. Ohun tó ń ṣe ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ dà mí lẹ́nu. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn èèyàn ní gírámà! Ìbéèrè yẹn ló gbé mi padà sí òwe kan tí gbogbo wa mọ̀, tí mo sì ti wá gbà báyìí pé a kò kà á dáadáa: Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.

Báwo la ṣe ń túmọ̀ rẹ̀? Oríire ni. Ẹnì kan ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, nǹkan tí kò retí tì í síwájú, inú rẹ̀ dùn. Àwọn kan tún máa ń pa á fún ọ̀tá tó rò pé òun ń ṣe èèyàn ní ibi, tó jẹ́ pé ọ̀nà ló là fún un. Ìtumọ̀ méjèèjì fi àwòdì ṣe ẹni tí nǹkan kàn ṣẹlẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe kọ́ àwọn ọmọ tèmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rántí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé àwòdì náà kò ṣe oríire kankan, pé ó mọ ọ̀nà ni. Bíró pupa ni mo fi fa ìlà sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo gírámà òwe yìí bó ṣe yẹ kí n ti wò ó nígbà náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ ni "re". Ó yàtọ̀ sí "lọ". Èèyàn lè sọ pé "Adé ti lọ" kó sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tí í sọ pé "Adé ń re" kó dákẹ́. A gbọ́dọ̀ gbọ́ ibi tó ń re, oko ni o, odò ni o, Ìbarà ni o. Nítorí náà, kí ẹ̀fúùfù tó dé rárá, àwòdì ti ní ibi tó ń lọ. Ẹ tún wo "ń" tó ṣáájú rẹ̀: ó ti wà lẹ́nu ìrìn, ó ti wà lókè. Ẹ wá wo "kúkú". Bí mo bá ní "mo kúkú jókòó", ẹ mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ bá èrò tó ti wà lọ́kàn mi mu, tàbí pé mo ti wò ó sọ́tùn-ún sósì kí n tó gbà á. Àwòdì kò pariwo, kò sì dúpẹ́. Ó gbé ẹ̀fúùfù náà sórí ìwọ̀n, ó rí i pé ó wúlò fún ìrìn àjò rẹ̀, ó ní ó dáa. Ìpinnu nìyẹn. Ẹni tí oríire ṣẹlẹ̀ sí kì í sọ̀rọ̀ báyẹn.

Nǹkan tí Perlan ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí etí odò Ògùn níbi tí omi ti ń ṣàn kọjá lórí òkúta. Omi á gun òkúta náà, á já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, á tún wú sókè, á tún rẹlẹ̀. Omi ń lọ ni o, ṣùgbọ́n ibi tó wú yẹn kò kúrò lójú kan. Afẹ́fẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá fẹ́ líle kọjá lórí òkè ńlá tó tò lọ gbọọrọ bí òkè Andes, tí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà sì wà ní ìpele-ìpele tí kò fẹ́ dà pọ̀. Ìgbì á dìde lẹ́yìn òkè, ìgbì yẹn sì lè ga ju òkè tó bí i lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Nígbà òtútù ní gúúsù ayé, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń yí agbègbè Antarctica ká lókè réré. Òun ló ń ran ìgbì Andes lọ́wọ́ láti gòkè dé ibi tí Perlan bá a dé.

Kí ni awakọ̀ wá ń ṣe nínú ìgbì yìí? Yóò kọjú sí afẹ́fẹ́. Bí eré afẹ́fẹ́ bá ṣe déédéé pẹ̀lú eré ọkọ̀, ẹni tó wà nílẹ̀ á rò pé ọkọ̀ náà dúró sójú kan ni. Ó ń ga ni, kò kàn lọ síbì kankan. Bó bá ti ga tó, tó fẹ́ rìn jìnnà, ó lè wá yí ìdí sí afẹ́fẹ́, kí afẹ́fẹ́ náà tì í lọ.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí tán, mo ré kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Ọdẹ ni, Bàbá Ìbejì là ń pè é. Mo nawọ́ sókè, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìsinmi o. Kí ni àwòdì yẹn ń ṣe?"

"Ó ń ràbàbà ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Ṣé kì í ṣe pé ó ń fò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò wo apá rẹ̀ ni? Ẹyẹ tó ń fò, apá ló ń jù. Èyí kọjú sí atẹ́gùn, atẹ́gùn ń gbé e. Tó bá fẹ́ lọ, á yíjú padà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ ò rí i mọ́."

Ìdáhùn tí ọmọ mi ń wá nìyẹn! Ọmọdé ń fò, ọ̀pọ̀lọ́ ń fò, ẹyẹlé ń fò: agbára ara rẹ̀ ni olúkúlùkù fi ń kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ń ràbàbà ń lo agbára ẹlòmíràn, ọgbọ́n tirẹ̀ ló fi ń lò ó. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n lò fún Ẹ̀mí Ọlọ́run lójú omi ní ìbẹ̀rẹ̀ Jẹ́nẹ́sísì, wọn kò lo "fò". Ọ̀rọ̀ náà àti òwe náà wá di ìdajì méjì ohun kan ṣoṣo. "Ràbàbà" ni ìkọjú-sí-afẹ́fẹ́ tó ń múni ga. Òwe ni ìyídìí-sí-afẹ́fẹ́ tó ń múni dé ibi tí à ń re. Ẹ tún kíyè sí i pé àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ìbarà wà ní Abẹ́òkúta, ní gúúsù wa. Àwòdì tó bá gbéra ní Èrúwà lásìkò yìí, ìdí rẹ̀ gan-an ni ẹ̀fúùfù yóò ti ta á. N kò sọ pé Ìbàràpá ni wọ́n ti dá òwe náà o, àmọ́ ẹni tó dá a ti wo àwòdì dáadáa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ti ń ki sáyẹ́ǹsì bọ òwe lẹ́nu." Rárá o. Àwọn baba wa kò wọ ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì, òkè Ìbàràpá kò sì ga tó láti bí irú ìgbì ti Andes. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń dìde lórí àpáta, àtèyí tó ń gun ara òkè, ni àwòdì tiwa ń lò. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n fi ojú wo nǹkan, wọ́n sì fún un lórúkọ. Àwa la kó orúkọ náà tì.

Ẹ wo bí àwọn ará Jámánì ṣe ṣe tiwọn. Ní ọdún 1933, Wolf Hirth àti Hans Deutschmann bá irú ìgbì yìí pàdé nínú ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì, lórí àwọn òkè Riesengebirge tó wà láàárín Poland àti Czech lónìí. Kó tó di ìgbà náà, àwọn ará àdúgbò ti ń rí ìkùukùu kan tó máa ń dúró lójú kan lẹ́yìn òkè bí afẹ́fẹ́ bá ń ti gúúsù fẹ́. Moazagotl ni wọ́n ń pè é. Orúkọ àgbẹ̀ kan ni, bí ẹ̀ka-èdè wọn ṣe ń pè é. Àwọn onímọ̀ kò tijú orúkọ àgbẹ̀. Ó wọ inú ìwé ìmọ̀ ojú-ọjọ́, Hirth tiẹ̀ fi sọ ọkọ̀ rẹ̀. Àwa ńkọ́? Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ifẹ̀ pé èèyàn lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀, bí nǹkan tuntun bá dé, "aláìní-báyìí" la ń kọ́kọ́ pè é.

Ohun kan wà tí òwe náà kò sọ, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Steve Fossett àti Einar Enevoldson ló gun ọkọ̀ Perlan àkọ́kọ́ kọjá 15,000 mítà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Fossett nìkan wọ ọkọ̀ kékeré tó ní ẹ́ńjìnnì, ó gba àárín òkè Sierra Nevada ní California, kò sì padà. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó rí àfọ́kù ọkọ̀ náà. Àwọn tó ṣèwádìí ní afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára òkè ni, agbára ẹ́ńjìnnì kò lè borí rẹ̀. Ibi tí ìgbì bá ti ń gbéni sókè, ibi tó ti ń gbéni wálẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ìtumọ̀ oríire mọ́. Ẹni tó bá fi òwe yìí kọ́ ọmọ pé kó máa retí ẹ̀fúùfù ti kọ́ ọ ní ohun tó lè pa á. Kí ó kọ́ ọ láti mọ ẹ̀fúùfù.

Ọ̀ràn igún ló tún ń dùn mí. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, ọdún 1973, bàálù kan tó wà ní nǹkan bí 11,300 mítà lókè Abidjan kọ lu ẹyẹ kan. Ẹ́ńjìnnì kan bà jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n balẹ̀ láyọ̀. Ìyẹ́ tí wọ́n rí he ni Roxie Laybourne, ní ilé-ìṣẹ́ Smithsonian ní Amẹ́ríkà, fi mọ̀ pé ẹ̀yà igún kan ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Rüppell. Ẹyẹ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa, níbi tí bàálù ń gbà! Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ka ẹ̀yà igún yẹn, àti igún tiwa tó máa ń wà nídìí ìpẹran, mọ́ àwọn ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun pátápátá. Àtà, àtìṣègùn, àti májèlé ló ń pa wọ́n. Nígbà èwe mi, a kì í ka igún ní ọjà Èrúwà nítorí pé wọ́n pọ̀ jù. Lọ́dún yìí, n kò tíì rí ẹyọ kan. Àwòdì ló kù. Bí òun náà bá lọ, kí ni a ó nawọ́ sí fún ọmọ tó bá béèrè ìtumọ̀ "ràbàbà"?

Nítorí náà, mo ti yí ìdáhùn mi padà fún ọmọ-ọmọ mi. Ọkọ̀ yẹn ni "ọkọ̀ aràbàbà". Ohun tó ń gbé e ni "ìgbì òkè". Bí ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Tápà tàbí Lánlátẹ̀ bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu àwọn àgbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí àgbà náà tó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fa ìlà pupa sí iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Bó bá ń ka èyí, kó má bínú. Òun ló gbà á.