Ẹṣin Kan fún Àjàyí: Létà 1837 àti Àwọn Ewì Akọni Wa

Èyí tó pọ̀ jù nínú ewì tí a máa ń kà nínú ọgbà yìí nípa ìtàn àti àṣeyọrí aláwọ̀ dúdú, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Martin Luther King á kọ́kọ́ wọlé, Malcolm X á tẹ̀lé e, Rosa Parks á dé, Mandela náà á ti South Africa wá bá wọn. Akéwì á máa pè wọ́n tò bí tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà, àwa náà á pàtẹ́wọ́, ó tán. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Bí ẹnì kan bá ní kí n má pàtẹ́wọ́ fún King, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa fà á. Ẹjọ́ tèmi ni pé orúkọ nìkan kì í ṣe ewì. Ta ló ti sọ fún wa nínú ewì rẹ̀ pé aránṣọ ni Rosa Parks, pé ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1955 tó fi kọ̀ láti dìde nínú bọ́ọ̀sì ní Montgomery? Aránṣọ tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, gbogbo wa la mọ irú ẹ̀ ládùúgbò. Ojú wa rí i. Ṣùgbọ́n “ìràwọ̀ obìnrin tó ń tàn yanran”, ta ló bá ìyẹn pàdé rí?

Àjọ̀dún tí à ń wò kọ yìí gan-an, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ẹ̀. Carter G. Woodson, ọmọ àwọn tó ti ṣẹrú rí, ló dá ọ̀sẹ̀ ìtàn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1926. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, nínú oṣù Kejì. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Kent State University ní Ohio ló sọ ní 1969 pé ọ̀sẹ̀ kan kò tó, àwọn fẹ́ odidi oṣù, wọ́n sì ṣe é ní 1970. Ó di 1976 kí Ààrẹ Ford tó fọwọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n, ìtàn ilé bàbá tiwọn ni wọ́n sì ń bèèrè. Àwa tí à ń jókòó sí Ṣakí, ti ta là ń bèèrè?

Ẹni tó bá wọ mọ́tò níbí tó ń lọ Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn ló máa gbà kọjá. Òṣoògùn wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní 1821, ọmọ bí ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá. Ìparí ìtàn rẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ láti pírámárì: Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́ láti 2005. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ti fi í ṣe eré orí ìtàgé. Ṣùgbọ́n létà tí òun alára kọ ní 1837, nígbà tó wà ní Sierra Leone, nípa bí wọ́n ṣe mú un, mélòó nínú wa ló ti kà á? Òyìnbó kan nínú ìjọ CMS ló kọ ọ́ sí, wọ́n sì fi í sí ẹ̀yìn ìwé ìrìn àjò Odò Ọya tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1842. Létà yẹn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí mo gbà pé ó dára ju gbogbo ewì akọni tí a ti kà níbí lọ.

Kí ló mú un dára? Ó ń rí nǹkan. Ó ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ìròyìn ogun dé. Ó ní odi onígi ló yí ìlú ká, pé ẹnubodè tí wọ́n ní láti ṣọ́ tó mẹ́fà, pé àwọn ọkùnrin mìíràn kò sí nílé. Ẹ wò ó, ẹni tó ń ka ìyẹn ti mọ̀ pé ìlú náà máa ṣubú, kò sì tíì sí ẹni tó sunkún. Lẹ́yìn náà ló wá fi àwọn ìyá hàn wá: ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà dì mọ́ wọn lápá, ìkókó wà lẹ́yìn, ẹrù wà lórí, wọ́n ń sá gba inú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Ibi tí ẹ̀gún ti di obìnrin mú ni ọlọ́tẹ̀ ti ju okùn sí i lọ́rùn. Ó ní bí ewúrẹ́ ni wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀, tí ẹnì kan ṣoṣo ń dà wọ́n lọ. Bàbá rẹ̀ wá sílé kó lè sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ogun. Bàbá àti ọmọ kò tún fojú kan ara wọn mọ́. Gbólóhùn díẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ká ní ọ̀kan nínú wa ló kọ ọ́ ni, á ti kó “háà” àti “yéè” mẹ́wàá sí i.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù wà ní Ìsẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti pín wọn bí ẹran. Wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹṣin yẹn kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ó dá a padà, wọ́n sì dá ọmọ padà fún un. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan tó fi tì í. Ó sọ ọ́, ó kọjá.

Ẹ̀fẹ̀ pàápàá wà nínú ẹ̀, ẹ̀fẹ̀ tó ń dẹ́rù bani. Nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí ní oṣù Kẹrin 1822, wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà sínú ọkọ̀ tiwọn. Àjàyí rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́, awọ rẹ̀ funfun. Nílé tirẹ̀, iná ni wọ́n fi ń sun irun ẹlẹ́dẹ̀ dànù, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó tún rí ọta ìbọn ńlá tí wọ́n tò sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ní ẹran èèyàn nìyẹn, orí wọn sì nìyí. Ẹni tó ti di olùkọ́ nígbà tó ń kọ ọ́ lè yọ ìyẹn kúrò kí wọ́n má bàa fi í rẹ́rìn-ín. Kò yọ ọ́. Ó tún jẹ́wọ́ pé nígbà tí ìbẹ̀rù Potogí pọ̀ jù, òun ti ronú láti gbẹ̀mí ara òun, àyà kò sì gbà á. Àwọn akọni inú ewì wa kì í bẹ̀rù. Bóyá ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rántí wọn tó bá di ọjọ́ kejì.

Ó níbi tí mo ti bá létà náà jà. Ó pe ọjọ́ tí wọ́n mú un ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí pé ọ̀nà yẹn ló gbà mọ Kristi. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ yìí ka ibẹ̀, ó sọ ìwé sílẹ̀, ó ní ẹrú òyìnbó ni títí dópin. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ni, ó sì gba ohun tó sọ gbọ́. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìbùkún pa ìbànújẹ́ rẹ́. Kò dín okùn ọrùn kù, kò dín ẹ̀gún kù. Méjèèjì wà níbẹ̀, wọn ò bára wọn rẹ́, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé tí kò gbọ́n tó o á ti là wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ló kù. Ta ló mú Àjàyí? Nínú ewì tiwa, òyìnbó ló máa ń gúnlẹ̀ tó ń kó wa. Létà yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Fúlàní wà nínú ogun náà, ọmọ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, àwọn ẹrú tó ti sá lọ́wọ́ olówó wọn náà wà níbẹ̀. Kí ọmọ yẹn tó rí òyìnbó kan ṣoṣo, ó ti gba ọwọ́ olówó tó pọ̀ kọjá, àwọn tó ń gbọ́ èdè rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ irú ọbẹ̀ tó ń jẹ. Èyí kò dá Potogí láre o. Bí kò bá sí ẹni tó ń rà létíkun, iye tí wọ́n ń mú ì bá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ̀dún aláwọ̀ dúdú ní Òkè-Ògùn tí kò bá lè dárúkọ Ìsẹ́yìn àti ẹṣin yẹn, àjọ̀dún àyálò ni. Ọmọ ẹni tí wọ́n tà àti ọmọ ẹni tó tà jọ wà nínú kíláàsì wa ni, a ò sì mọ ẹni tí í ṣe ta. Ewì ńlá wà níbẹ̀. Ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi tíì kọ ọ́ ni pé kò ṣeé pàtẹ́wọ́ fún.

Àwọn àṣeyọrí tó kù, ẹ ti gbọ́ wọn: ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní 1843, oyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, odidi Bíbélì ní 1884. Àmì abẹ́ ẹ àti ọ tí ẹ̀rọ fótókópì wa máa ń jẹ yìí, ó wà lára àwọn tó jókòó fún un nípàdé Èkó ní 1875. Ẹ máa fi ìyẹn sínú ewì ìyìn, ó yẹ ẹ́. Ẹ fi ti Onitsha ní 1890 náà kún un, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ti wọ́ iṣẹ́ àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ lójú rẹ̀. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ni. Ó kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó rí Àfàlà ìyá rẹ̀. Ó tó bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan fún àtẹ̀jáde wa tó ń bọ̀, kó fi King sílẹ̀ díẹ̀ kó gbìyànjú ìyẹn wò. Tàbí kó kọ nípa ẹṣin náà. Àwọ̀ wo ló ní? Kí ló ṣe é tí olówó rẹ̀ fi kọ̀ ọ́? Ta ló fà á padà wọ Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ tí wọ́n fi í pààrọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n sì bá ọmọ náà sọ?